Sí Ìyá Mi, Nípa Ọkọ̀ Òwú Tí Kò Padà Bọ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó béèrè àlàáfíà yín, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀. Ẹ má ka ìwé yìí sókè. Bí Bàbá bá jókòó tì yín níbẹ̀, ẹ ká a pọ̀, ẹ fi í sábẹ́ ìró yín títí wọn yóò fi dìde. Bí ó bá jẹ́ àwọn orogún yín ló wà nítòsí, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra. Èmi náà ti ṣọ́ra níhìn-ín. Ọ̀sán gangan ni mo ń kọ ọ́, nígbà tí gbogbo agbo ilé ti lọ sí ibi ìkómọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ṣí ìwé orin sí ẹ̀gbẹ́ mi, kí ẹni tí ó bá yọjú lójú fèrèsé lè rò pé orin ni mo ń dà kọ. Ẹ mọ bí ẹnu ṣe rí ní Ìkòròdú yìí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nídìí kànga láàárọ̀ á ti dé gáréèjì kí oòrùn tó kàn àtàrí.

Ó ṣeé ṣe kí ó yà yín lẹ́nu pé èmi ni mo mú gègé. Nígbà tí ẹ fi ayé sílẹ̀, n kò mọ A yàtọ̀ sí igi ìdáná. Kò sí tíṣà kan tí ó kọ́ mi. Inú ìwé orin ni mo ti rí i kọ́. Mo ti mọ àwọn orin náà lórí, nítorí náà mo máa ń fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ lọ bí ìjọ ṣe ń kọ ọ́, títí di ọjọ́ kan tí ìka mi ṣìnà bọ́ sórí orin tí n kò mọ̀ rí, tí mo sì rí i pé mo ń kà á. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún lọ́jọ́ náà. Ó ṣe mí bíi pé kí n sáré wá sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ibo ni ǹ bá sáré gbà?

Ìròyìn kejì ni ti iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eré okùn tí ẹ kọ́ mi nídìí ààrò, tí a fi ń ta okùn mọ́ ìka ya àwòrán, ni mo ń gbé kiri àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀yìn mi kò gba ẹrù rírù mọ́ ní èbúté, òjò ká mi mọ́ ilé-ìwé kan ní Ìgbògbò. Àwọn ọmọ ń pariwo ju òjò lọ. Mo yọ okùn lápò, mo sì ya ẹsẹ̀ adìyẹ fún wọn láàárín ọwọ́ méjèèjì. Òjò dá, wọn kò fẹ́ kí n lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ ti pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sì ń wá ẹni tí yóò mú wọn jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di Bàbá Olókùn. Mo ti dé Ìmọ́tà, mo ti dé àwọn abúlé tí ó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ mi nìkan ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rí lọ́sẹ̀ náà.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí mo ṣe ń ṣe é. Dàńṣíkí funfun ni mo máa ń wọ̀, kí okùn aláró lè hàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn. Mo máa ń fi òrí pa ìka, nítorí pé ìka tí ó bá là máa ń fa òwú. Mo ṣì ń lọ́ òwú ní ìṣẹ́po mẹ́ta bí ẹ ti ń lọ́ ọ, mo sì ń so ẹnu rẹ̀ ní kókó mẹ́ta tí ó fara kan ara wọn. Kò sí ìgbà tí mo so ó tí n kò rí yín, tí ẹ fi eyín tẹ orí òwú láti mọ̀ bóyá ó dúró, tí ẹ sì tu irun òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé ó kórò.

Ilé alántakùn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà àkàbà, lẹ́yìn náà ojú fèrèsé. Ọkọ̀ ni mo fi ń kádìí. Ọkọ̀ yẹn ni ó mú mi jókòó kọ ìwé yìí.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan yóò jókòó sí àárín ọwọ́ méjèèjì, tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Bí a bá rọra fa àtàǹpàkò òsì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, títí yóò fi wọnú àtẹ́lẹwọ́ tí a kò ní rí i mọ́. Ẹ ó wá sọ pé, “Ọkọ̀ ti lọ. Ó parí.” Ojú yín yóò sì máa ṣomi. Èéfín ni ẹ máa ń dá lẹ́bi. Lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láìṣàṣìṣe, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní, “Má kọ́ ẹnikẹ́ni o. Ìwọ nìkan ni mo bí, ìwọ nìkan ni mo fún.”

Mo pa á mọ́, Ìyá mi. Mo pa á mọ́ ju bí a ti ń pa ohun ìní mọ́ lọ. Tíṣà kan fẹ́ ya àwòrán ọ̀nà rẹ̀ sínú ìwé, mo kọ̀ fún un. Ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀ bẹ̀ mí ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń lọ sílé ọkọ, pé kí n fún òun ní ọkọ̀ yẹn kí òun lè ní ohun tí òun yóò fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo ní ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, n kò lè rú u. Ó bínú lọ. Títí di òní, bí ó bá wá kí mi, kò ní jókòó pẹ́.

Ní ìparí sáà tí ó kọjá, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́ ránṣẹ́ sí mi. N kò gbé okùn dé ibẹ̀ rí. Láti kékeré ni ẹ ti ń sọ pé omi Ẹ̀pẹ́ kò dára fún ọmọ tí ó jẹ́ ẹyọ kan. Mo rò ó, mo ní ọmọ kọ́ ni mí mọ́. Mo wọ lọ́rì ní gáréèjì, eruku ọ̀nà sì sọ dàńṣíkí funfun di pupa kí a tó dé.

Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ya aláwàdà. Mo gbé alántakùn sókè, ọ̀kan ní akàn ni, èkejì ní akàn tí ebi ń pa ni. Nígbà tí mo dé orí ọkọ̀, mo bi wọ́n bí mo ti máa ń bi gbogbo ọmọ.

“Ọkọ̀ yìí, ibo ló ń lọ?”

“Èkó!”

“Èjìnrìn!”

“Ó ń sá fún Tíṣà!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíṣà fi gbá tábìlì. Mo fa àtàǹpàkò, ọkọ̀ yọ́ lọ, ó wọlé sínú àtẹ́lẹwọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún wọn bí mo ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́ wá, pé ọkọ̀ ti lọ, ó parí.

Ọmọbìnrin kékeré kan ní bẹ́ǹṣì iwájú ni ó dáhùn. Sìfáwù ni wọ́n ń pè é.

“Kò tíì parí, Bàbá. Ẹ ò jẹ́ kó bọ̀.”

Tíṣà fi ojú bá a wí. “Sìfáwù! Àgbà lò ń já nírọ́ yẹn? Ó yá, jáde wá kúnlẹ̀!”

Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ síwájú orókún mi. Kò bẹ̀rù rárá. Láti orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ti ọmọńdinrín rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ okùn lẹ́bàá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gbé e sókè, ó sì fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ yọ imú jáde láti inú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ń bọ̀. Ó yọ́ padà láti ọ̀tún wá sí òsì, ó jókòó síbi tí ó ti gbéra. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo bi í léèrè, Ìyá mi.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ìyá mi àgbà ni. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé-ìwé níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń hun ẹní.”

Ọ̀gá ilé-ìwé, tí ó ti ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà, fi ọwọ́ gbá mi léjìká. “Bàbá Olókùn, ẹ ti bá ọ̀gá yín pàdé o! Ẹ jẹ́ ká lọ foríbalẹ̀ fún wọn.” Eré ni ó fi ṣe. Èmi kò rí eré níbẹ̀ mọ́.

Abẹ́ igi àgbàlùmọ̀ ni a ti bá wọn, arúgbó tí ó jù mí lọ, ẹsẹ̀ nínà sórí ẹní tí wọ́n ń hun. Bí a ti dé, wọ́n mú ewé ẹní kan, wọ́n fi èrìgì tẹ orí rẹ̀ wò bóyá ó dúró, wọ́n sì tu irun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ká okùn mọ́ ọwọ́ mi. Ọ̀gá ilé-ìwé ṣàlàyé fún wọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì béèrè ibi tí àwọn náà ti rí ọkọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n sọ ni èmi yóò kọ síhìn-ín gẹ́lẹ́, nítorí pé ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ gbọ́ ọ.

“Ìyá tó bí mi ni, Tíṣà. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí ní kí àbúrò rẹ̀ ṣú wọn lópó. Ìyá mi ní àwọn ò fẹ́. Àwọn ẹbí ní ọ̀nà là, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ò ní tẹ̀ lé wọn. Eyín iwájú mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nígbà yẹn ni. Ìyá mi ní kí eyín náà tó hù padà, àwọn á ti dé. Wọ́n kọ́ mi bí ọkọ̀ ṣe ń lọ àti bó ṣe ń bọ̀, kí n máa fi ṣeré títí wọ́n á fi dé.”

Wọ́n wá la ẹnu gbàgà, wọ́n fi ìka yí èrìgì wọn po.

“Eyín hù. Gbogbo ẹ̀ sì tún ti ká! Ṣé ẹ rí i? Mo ṣì ń retí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ìyá mi, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Wọ́n kọjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ta ló kọ́ yín?”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ilé àna ọ̀gá ilé-ìwé yẹn àti ilé wa ní Ìkòròdú, ògiri kan náà ni ó là wọ́n láàárín. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe wọ lọ́rì kí èmi tó wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ orogún yín, tí wọn yóò máa sọ pé obìnrin tí Bàbá fẹ́ ní wúndíá, tí ó ní ará Ìmọ́tà ni òun, pé òun kò lẹ́bí, opó tí ó sá lọ́mọ ni. Ẹnu mi kàn dáhùn fúnra rẹ̀.

“Àlejò kan ni, Ìyá. Lọ́jà Èjìnrìn ni, ó ti pẹ́. N kò tilẹ̀ rántí ojú rẹ̀.”

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba okùn mi, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ lọ títí wọ́n fi kan kókó mẹ́ta náà. Wọ́n dúró lórí rẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo etí mi. Lẹ́yìn náà wọ́n dá okùn padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Àlejò náà mọ okùn í so,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Kí ni mo ṣe fún yín, Ìyá mi? Èmi tí ẹ ní èmi nìkan ni ẹ bí. Lọ́jọ́ tí a sin yín, àwọn ọmọ orogún yín pọ̀, wọ́n dì mọ́ ara wọn. Èmi di igi ṣọ́bìrì mú, nítorí pé n kò ní ọmọ ìyá tí n óò dì mọ́. Ọmọ ìyá mi sì wà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń hun ẹní. Bí ẹnìkan bá ti wí fún mi ni, ọjọ́ kan péré ni ǹ bá fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo obìnrin tó ń rànwú ní Ìkòròdú ló ń ná ọjà Èjìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa ń fi òwú rán ẹlòmíràn. Mo máa ń rò pé ìgbéraga ni. Ṣé ẹ̀rù ni, pé ẹnìkan láti Ẹ̀pẹ́ yóò dá yín mọ̀? Àbí ẹ̀rù pé ọmọbìnrin kan yóò wá la ẹnu rẹ̀ hàn yín?

Mo ti gbìyànjú láti dá yín láre. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá jí ọmọ náà gbé, ẹbí ọkọ yín àkọ́kọ́ yóò gbà á padà, tìjàtìjà. Mo mọ̀ pé bí Bàbá bá gbọ́, ẹ lè má rí ilé gbé. Ṣùgbọ́n Bàbá kú, ẹ sì lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ẹ̀yin jọ jẹun nínú àwo kan. Kí ni ẹ ń dúró dè? Kí ni ó dé tí ẹ kò fi pè mí lọ́sàn-án kan ṣoṣo, kí ẹ ní, jókòó, ọmọ mi, ọkọ̀ yẹn kò parí síbẹ̀?

Ẹ fún èmi ní àlọ nìkan, ẹ fún ọmọ yín àkọ́kọ́ ní àlọ àti àbọ̀, ẹ sì fi irọ́ dí àárín wa. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo ti mú irọ́ yẹn kiri gbogbo ilé-ìwé. Ọmọ mélòó ni mo ti wí fún pé ọkọ̀ lọ, ó parí? Ọmọ bíbí inú mi ni mo fi ọkọ̀ yẹn du, tí mo sì sọ di àlejò nílé mi, nítorí òfin tí ẹ ti rú kí ẹ tó fi í lé mi lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi kò ti ṣe iṣẹ́ mọ́. Mo lọ sí Ìgbògbò, mo ṣe alántakùn, mo ṣe àkàbà. Nígbà tí mo dé orí ọkọ̀, ìka mi dúró gan-an. “Bàbá ti gbàgbé o!” ni àwọn ọmọ ń kígbe, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Mo ká okùn sápò, mo ní orí ń fọ́ mi. N kò tíì jáde láti ọjọ́ náà.

Lánàá ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé Ẹ̀pẹ́. Ó fẹ́ kí n wá ní sáà tuntun. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wá kọ ọ́ pé: “Ìyá àgbà Sìfáwù ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé eyín àwọn kò lè hù mọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn ṣì ríran. N kò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Mo ka ìlà náà títí tàdáwà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lábẹ́ ìka mi. Wọ́n mọ̀, Ìyá mi. Láti ìdí kókó mẹ́ta yẹn ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo purọ́, wọ́n mọ ìdí tí mo fi purọ́, wọ́n sì bo àṣírí mi lójú ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n ti retí ẹnìkan láti ìgbà tí eyín wọn kọ́kọ́ ká. Èmi ni mo wá, mo sì ní n kò rántí ojú ẹni tí ó kọ́ mi. Ohun tí ẹ ṣe fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ni èmi tún ṣe fún wọn lárúgbó. Ǹjẹ́ mo lè bínú sí yín kí n má bínú sí ara mi?

Nítorí náà, lọ́la ni mo ń lọ. N kò lọ ṣeré ní ilé-ìwé, n kò sì mú dàńṣíkí funfun dání. Ọmọ mi obìnrin ni mo ti ránṣẹ́ sí pé kí ó wá bá mi ní gáréèjì láàárọ̀, kí a jọ wọ ọkọ̀. Mo fẹ́ kí ó mọ àlọ àti àbọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí mo bá dé abẹ́ igi àgbàlùmọ̀ yẹn, n óò dọ̀bálẹ̀, n óò sì pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi, kí gbogbo ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ lọ́rì wá sí Ìkòròdú, kí ó wọ̀ ọ́. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti wo ojú fèrèsé. Ewúrẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n n óò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé. Èmi ni n óò ka ìwé yìí sí wọn létí, nítorí pé àwọn náà ló ni ín. Bí mo bá kà á tán, n óò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sínú ààrò wọn, kí èéfín tí ẹ máa ń dá lẹ́bi nígbà gbogbo lè gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá dé, tí ẹ sì ti kà á, ẹ bá mi sun èyí tí ó bá kù lọ́wọ́ yín níbẹ̀, kí Bàbá má rí i, kí ó má ku ewé kan ṣoṣo. Ẹ sun ún, mo bẹ̀ yín. Okùn nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Èmi ni,
ọmọ yín kejì, tí ó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.